Iná Méjì Ló Ń Gbé Ilé Ìdáná: Bí A Ṣe Lè Yan Èyí Tí A Fi Ń Ríran

Ní ẹ̀ka tiwa, a kì í rí ọ̀rọ̀ kan kí a má tú u wò. Ẹ jẹ́ kí a tú "ilé ìdáná" wò. Ilé tí a ti ń dá iná ni. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo yìí, iná, ni Yorùbá fi ń pe nǹkan méjì: èyí tí a ń dá sábẹ́ ìkòkò, àti èyí tí a ń tàn kí a lè ríran. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, iná igi inú ààrò a máa ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì. Wọn a wá gbé àtùpà tàbí fìtílà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti kún un. (Fìtílà yìí gan-an, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa.)

Lónìí, iná méjèèjì ti pínyà. Gáàsì ló ń se ọbẹ̀, NEPA ló yẹ kó máa fún wa ní ìmọ́lẹ̀. A máa ń ronú dáadáa lórí ti àkọ́kọ́. A mọ ibi tí wọ́n ti ń ta kílò gáàsì ní ẹ̀dínwó, a sì mọ irú sítóòfù tó dára. Ní ti èkejì, ohun tí onílé bá so mọ́ àárín àjà náà la máa ń gbà. Èkejì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé kì í ṣe bí gílóòbù ṣe lágbára tó ló ṣe pàtàkì jù nílé ìdáná, bí kò ṣe ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó sọ ti ìwọ̀n, ti àwọ̀, ti owó, àti ti ohun tí a ó ṣe nígbà tí NEPA bá mú iná lọ.

Iṣẹ́ tí ojú ń ṣe nílé ìdáná

Ojú ló ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Pàtígì. Ojú ló ń rí kòkòrò inú ẹ̀wà. Ojú ló ń mọ̀ bóyá inú itan adìyẹ ti jinná tàbí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní ìdí egungun, àti bóyá wàrà àná ṣì ṣeé jẹ. Ojú ló ń ya ẹ̀pà tó ti bu sọ́tọ̀. Ti ẹ̀pà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán: irú èbu kan wà tó máa ń tu májèlé aflatoxin sínú ẹ̀pà àti àgbàdo. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé náà ń bá jà, sísè tàbí yíyan kì í sì í pa á tán. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ojú kan náà ló tún ń ṣọ́ ọ̀bẹ kó má gé ìka.

Ní Ìlọrin, iṣẹ́ yìí kò mọ sí ọ̀sán. Nígbà ààwẹ̀ Ramadan, ní aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin òru ni ọ̀pọ̀ ilé ń dáná sààrì. Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà lásìkò yẹn, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, oòrùn kò sì tíì yọ láti ràn án lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá tó ń se màsà àti ẹ̀kọ tà: kí ilẹ̀ tó mọ́ ni iṣẹ́ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ọ̀bẹ pàápàá ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá àgbà kan wà ní agboolé wa ní Ìdí-Àpè. Nígbà kan, àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba igbá ìrẹsì lọ́wọ́ wọn nítorí pé òkúta ń bọ́ sínú oúnjẹ. Wọ́n ní ojú Ìyá ti lọ. Ìyá kì í jiyàn, ṣùgbọ́n a rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. Ẹni tó ti ń bọ́ ilé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, tí wọ́n wá ń sọ fún pé kó lọ jókòó! Ohun tí èmi kíyè sí ni pé bí Ìyá bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, ìrẹsì tí wọ́n bá ṣà kì í ní òkúta kan. Alẹ́ nìkan ni òkúta ń yọ́ wọlé. Ojú Ìyá kò lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni kò tó ojú.

Bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà, ihò ẹyinjú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé máa ń kéré sí i, dígí inú ojú náà á sì máa ṣú, á máa pupa díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹni ọgọ́ta ọdún nílò ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ gidigidi ju ti ọmọ ogún ọdún lọ kó tó lè rí nǹkan kan náà. Ẹ má wo ilé ìdáná màmá yín pẹ̀lú ojú tiyín nìkan.

Òjìji ara wa ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ ilé tí a ń gbé ní Tánkẹ̀ àti Òkè-Ódò. Gílóòbù kan ṣoṣo á wà láàárín àjà. Síǹkì, tábìlì ìgé-nǹkan àti gáàsì á wà lẹ́bàá ògiri. Bí ẹ bá dojú kọ ògiri láti ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn yín ni gílóòbù wà. Ara yín á dí ìmọ́lẹ̀, òjìji yín á sì balẹ̀ sórí ohun tí ẹ ń gé gan-an. Bí ẹ bá yọ gílóòbù wáàtì 9, tí ẹ fi ti wáàtì 20 sí i, gbogbo ilé á mọ́ sí i, òjìji náà á sì tún dúdú sí i lójú yín. Ìdí nìyí tí mo fi ní agbára gílóòbù kọ́ ló kàn.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ìmọ́lẹ̀ kan wà níwájú yín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá wà lára ògiri lókè tábìlì, abẹ́ rẹ̀ ni ibi tó dára jù. Ẹ so iná LED tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn ní apá iwájú, kí ó má tàn sí yín lójú. Bí kò bá sí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kan iná kékeré mọ́ ògiri ní iwájú yín, kí ó ga díẹ̀ ju orí lọ, kí ó sì ní ìbòrí tó ń da ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó háyà yàrá tí onílé kò sì jẹ́ kó lu ògiri lè ra iná tó ń gán mọ́ etí tábìlì bí ìgánṣọ. Ẹni tí kò ní owó kankan rárá lè gbé tábìlì náà kúrò níbi tó wà, kí ó yí i tí ìmọ́lẹ̀ á fi máa wá láti ẹ̀gbẹ́. Bí ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń di ọ̀bẹ mú, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti òsì. Bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, kí ó wá láti ọ̀tún. Nípa bẹ́ẹ̀, òjìji ọwọ́ kò ní bọ́ sí ojú ibi tí ọ̀bẹ ń gé.

Àǹfààní kejì tún wà nínú kí iná súnmọ́ iṣẹ́. Bí a bá sún kúrò lọ́dọ̀ gílóòbù tí jíjìnnà náà fi di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé ohun tí a ń wò kì í dín kù sí ìdajì péré. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa ń kù. Gílóòbù inú àjà sábà máa ń jìnnà sí tábìlì tó mítà 2. LED wáàtì 3 péré tó wà ní ìdajì mítà sí pátákó ìgé-nǹkan lè fún un ní ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po márùn-ún ti wáàtì 9 inú àjà, bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà. Ohun tí a ṣe fún Ìyá àgbà nìyẹn. A gbé iná kékeré kan tó ní ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, ó sì ń tàn sínú igbá láti ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá máa ń jẹ́ kí òkúta ní òjìji tirẹ̀, ó sì máa ń yàtọ̀ láàárín ìrẹsì. Igbá ti padà sọ́wọ́ Ìyá.

Ẹ wo lumen, ẹ má wo wáàtì nìkan

Nígbà tí gílóòbù àtijọ́ nìkan ló wà, a máa ń fi wáàtì mọ bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n wáàtì ń sọ iye iná tí gílóòbù ń jẹ ni, kò sọ ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde. Lumen ló ń sọ ìyẹn. "Lm" ni wọ́n máa ń kọ sára páálí. Gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60 máa ń mú nǹkan bíi lumen 800 jáde, ìyókù gbogbo iná tó jẹ ló ń di ooru. "Energy saver" tó lọ́ bí ìwo àgbò ń mú iye ìmọ́lẹ̀ kan náà jáde pẹ̀lú nǹkan bíi wáàtì 14. LED ń fi nǹkan bíi wáàtì 9 ṣe é. Àtùpà elépo kẹrosíìnì tí a ń gbé rìn kì í tó lumen 100.

Èwo ló wá tó fún ilé ìdáná? Àwọn tó mọ iṣẹ́ iná máa ń fi lux wọ̀n ọ́n: lux kan ni lumen kan tó bà lé mítà kan níbùú lóròó. Fún rírìn káàkiri inú ilé ìdáná, lux 100 sí 200 tó. Fún ibi tí a ti ń gé nǹkan, lux 300 sí 500 ló yẹ. Ká ní ilé ìdáná yín jẹ́ mítà 3 sí mítà 2 àbọ̀. Mítà 7 àbọ̀ níbùú lóròó nìyẹn. Gílóòbù lumen 800 kan, bí gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ balẹ̀ láìsí àdánù, á fún un ní nǹkan bíi lux 107. Ó tó láti rí ọ̀nà. Kò tó láti ṣa ẹ̀wà. Ẹ lè kó gílóòbù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí àjà kí gbogbo ilé lè tó lux 300 sí 400, ẹ sì lè fi ẹyọ kan sí àjà kí ẹ gbé kékeré kan sí ibi iṣẹ́. Ọ̀nà kejì ló dín owó kù, òun náà ló sì bá ojú mu.

Ẹ má gbàgbé ògiri. Ògiri àti àjà funfun máa ń dá púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé wọn padà sínú ilé. Èyí tí èéfín ti bò máa ń gbé e mì. Kí ẹ tó ra gílóòbù tó tóbi sí i, ẹ kọ́kọ́ fọ ògiri tàbí kí ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ẹ nu gílóòbù náà, torí pé ọ̀rá àti eruku máa ń ṣù bò ó. Kí ó wà ní pípa, kí ó sì tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Iná funfun àbí iná pupa?

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù àwọn oníná, ìbéèrè wọn ni: "Ṣé funfun ni àbí pupa?" Pupa tí wọ́n ń wí yìí ni àwọ̀ bí epo ẹyìn tó yòrò; "warm white" ló máa ń wà lára páálí rẹ̀. Funfun ni wọ́n ń kọ "daylight" sí. Kelvin, tàbí "K", ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ yìí. 2700K sí 3000K ni pupa, 4000K wà láàárín, 6500K ni funfun tó fẹ́ jọ búlúù. Funfun 6500K ló pọ̀ jù ní ọjà wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé òun ló mọ́lẹ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ dandan. Bí lumen bá dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba. Àwọ̀ ló yàtọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju funfun àti pupa lọ nílé ìdáná: bóyá iná náà ń jẹ́ kí àwọ̀ oúnjẹ hàn bó ṣe rí lábẹ́ oòrùn. Láti mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo bí LED ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2014, wọ́n fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ní Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì fún iṣẹ́ wọn lórí LED tó ń tan búlúù. Ìdí tí búlúù fi ṣe pàtàkì ni pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí funfun. Wọ́n máa ń fi lẹ́búlẹ́bú kan bo LED búlúù náà. Lẹ́búlẹ́bú yìí á sọ díẹ̀ nínú búlúù di àwọ̀ ìyeyè, ojú wa á sì rí àpapọ̀ wọn bíi funfun. Bí wọ́n bá fi lẹ́búlẹ́bú tí kò dára ṣe é, búlúù àti ìyeyè á wà, ṣùgbọ́n pupa gidi á ṣọ̀wọ́n. Irú iná bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ ẹran tútù di eérú, tó sì ń jẹ́ kí tàtàṣé dà bí ohun tó ti ṣá.

Òǹkà tó ń sọ èyí ni CRI, tàbí "Ra", lára páálí. 100 ni òpin rẹ̀, gílóòbù àtijọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dé ibẹ̀. Ẹ má ra èyí tí kò tó 80 fún ilé ìdáná; bí ẹ bá rí 90, ẹ mú un. Àwọ̀ mẹ́jọ tí kò pọ́n jù, tí kò ṣú jù, ni wọ́n fi ń ṣírò Ra. Pupa gidi, tí wọ́n ń pè ní R9, kò sí nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù méjì tó ní Ra 80 fi lè fi ata hàn lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí páálí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sábẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ mú tàtàṣé kan dání. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá dà bíi ti aláìsàn, ẹ dá gílóòbù náà padà.

Èrò tèmi ni pé 4000K tó ní Ra 90 ló dára jù fún ibi tí a ti ń gé nǹkan, tí a ti ń ṣa nǹkan. Fún gílóòbù inú àjà, ẹ yan ohun tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ padà sùn lẹ́yìn sààrì yóò rí i pé pupa tù ú lára ju funfun lọ, torí búlúù tó pọ̀ nínú iná funfun máa ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́.

Owó rẹ̀ ńkọ́?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti ₦68 sí ₦225 fún kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Iye náà ti yí díẹ̀ láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ₦225 ṣírò. Gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60 tó ń tàn fún wákàtí 5 lójúmọ́ yóò jẹ ẹyọ 9 ní ọgbọ̀n ọjọ́: ₦2,025. LED wáàtì 9 yóò jẹ ẹyọ 1.35: nǹkan bíi ₦304. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni o. Bí ẹ bá fi wáàtì 3 sí ibi iṣẹ́ ní àfikún, nǹkan bíi ₦101 ni yóò bù lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba gílóòbù àtijọ́ ní ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kó jáde kò gba ọ̀fẹ́ rárá.

Nítorí pé iná wa sábà máa ń rọ̀, ẹ wo iye fóòtì tó wà lára LED náà. Èyí tí wọ́n kọ 85–265V sí yóò máa tàn nígbà tí iná bá rọ̀ tí gílóòbù àtijọ́ ti di ẹyin iná. Ẹ má fi LED sínú ìbòrí gíláàsì tó dé pa lókè gáàsì. Ooru ló ń tètè ba inú rẹ̀ jẹ́, a ó sì máa bú ọlọ́jà pé ayédèrú ló tà.

Bí NEPA bá mú un lọ

Odò Ọya tó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Kwara ló ń yí ẹ̀rọ Kainji àti ti Jẹ́bà, síbẹ̀ a mọ bí òkùnkùn ṣe ń ṣe wá. Nítorí náà, iná ilé ìdáná kò tíì pé bí kò bá ní arọ́pò. Ìròyìn ayọ̀ ni pé LED tó wà nítòsí iṣẹ́ kì í jẹ nǹkan púpọ̀. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 7Ah ní wáàtì 84 fún wákàtí kan nínú. Bí a bá lo ìdajì rẹ̀ kí ó lè pẹ́, iná wáàtì 3 lè tàn fún wákàtí 14. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 10 tí oòrùn bá là dáadáa lè dá ìdajì náà padà láàárín ọjọ́ kan. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú rẹ̀. Bí ìyẹn bá le, iná oníṣáàjì tó dára tó. Kó ti ní ibùdó tirẹ̀ lára ògiri, kí a má máa wá a nínú òkùnkùn pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe rárá:

Ẹ má bu kẹrosíìnì sínú àtùpà tó ń jó lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì náà, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ìdáná, sí kọ́rídọ̀, tàbí sábẹ́ fèrèsé. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú oorun.

Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó ń tàn. Ìparà kékeré inú suwíìṣì tó láti dá a. Ẹ má ṣáná, ẹ má tẹ fóònù. Ẹ ti sìlíńdà bí ọwọ́ bá tó o láìséwu, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo yín sì jáde. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí; nítorí náà, ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ ló ń lé e jáde ju fèrèsé òkè lọ.

Bí "energy saver" bá fọ́ nílé ìdáná, mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán kó o, ẹ sì da oúnjẹ tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nù.

Kí ni kí oníkálukú ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dáná ní igun yàrá: ẹ wá LED wáàtì 9 kan sí àjà, àti iná oníṣáàjì kan tó ń gán mọ́ tábìlì. Ó tán.

Ẹni tí ilé ìdáná rẹ̀ wà ní àgbàlá agboolé, níbi tí wọ́n ti ń fi igi se oúnjẹ ọlọ́pọ̀ èrò: ẹ ra iná ìta tí wọ́n kọ IP65 sí, èyí tí eruku kò lè wọ̀ tí omi òjò kò sì lè bà jẹ́. Ẹ gbé e sí ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ààrò, kì í ṣe sí òkè èéfín.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń kọ́lé, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà jù. Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, ẹ bá oníṣẹ́ iná dúró sínú ilé ìdáná náà, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí síǹkì, gáàsì àti tábìlì yóò wà. Ẹ ní kó fa wáyà sí òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí suwíìṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ní ìta, kí ó jìnnà sí síǹkì àti sìlíńdà. Iná abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó jẹ́ fóòtì 12 dára ju ti fóòtì 230 lọ níbi tí ọwọ́ tútù ti ń kàn án. Wáyà tí a bá fà kí a tó rẹ́ ògiri kò wọ́n. Èyí tí a bá wá fọ́ ògiri fà lẹ́yìn náà ló ń wọ́n.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ dúró síbi tí ẹ ti máa ń gé àlùbọ́sà. Ẹ na ọwọ́ sórí pátákó bí ẹni tó fẹ́ gé nǹkan, kí ẹ wo ibi tí òjìji yín bọ́ sí. Bí ó bá bo ìka yín, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì délé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ tún un ṣe ní ilé ìdáná màmá yín.